Ẹni Tó Di Àkàbà Mú

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé máṣíìnì yín ti yé já òwú? Mo mọ̀ pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, "Ẹn? Kí lo wí?" la ó máa bá ara wa sọ títí owó á fi tán, etí yín á máa ro yín, ọ̀fun á máa dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún gbé bírò.

Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní báyìí, aṣọ ibùsùn ni mò ń ká. Ilé ìwòsàn tí à ń fọṣọ fún tóbi, aṣọ tó ń tibẹ̀ wá lójúmọ́ kan á bo òpópónà wa látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Èmi á di etí aṣọ méjì mú, ẹnì kejì á di méjì mú, a ó rìn pàdé ara wa, a ó tún fà sẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ni ẹnì kejì mi. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ kan, nítorí náà Ìyá Ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi. A ò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mọ ìgbà tí inú mi ò dùn, torí pé aṣọ á máa wọ́ nílẹ̀ ní apá tèmi.

Lánàá, aṣọ wọ́ nílẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà tí a lọ simi, mo tan fóònù mi, ìkànnì tí gbogbo wa ti ń bá ọ̀rẹ́ pàdé sì sọ fún mi pé ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìbí Bàbá, kí n kí wọn. Ẹ̀rọ ò kúkú mọ ẹni tó ti kú. Mo wọ ojú òpó wọn, mo bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń kí wọn pé ẹ̀mí wọn á gùn. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, a ò sọ fún àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá ń dá wọn lóhùn.

Màámi, Bàbá ti wọ ilẹ̀ sùn láti oṣù kẹwàá. Síbẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò wọn, èyí tí wọ́n dé fìlà tí ọ̀dà kán sí, wọ́n sì ń fèsì fún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ṣé o. Ẹ ó ṣe tiyín náà láyọ̀." Ta ló wà nídìí fóònù Bàbá? Ṣé ẹ tà á ni? Ṣé wọ́n jí i ni? Bó bá jẹ́ olè, ta ló kọ́ ọ ní bí Bàbá ṣe ń dáhùn? Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń lọ ìlú òkèèrè lọ ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí pé ó ń lo fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè.

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Oníbéèrè ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ara mi le. Ẹsẹ̀ ń san. Máṣíìnì ò já òwú mọ́, abẹ́rẹ́ ló ń ṣẹ́ báyìí. Inú mi dùn pé wọ́n fún ọ níṣẹ́ tí kò la omi lọ, ṣùgbọ́n máa na ẹ̀yìn rẹ dáadáa, kí o má baà di arúgbó ṣáájú mi.

Má wá àkúdàáyà kiri. Èmi ni.

Inú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó bọ́tìnnì sí ni fóònù bàbá rẹ wà. Mo máa ń ṣáàjì rẹ̀ torí pé bí mo bá tàn án, fọ́tò rẹ ló máa kọ́kọ́ yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń ran ṣòkòtò oníbàárà kan, mo ṣàdédé rí i tí bọ́tìnnì ń jó nínú dúrọ́ọ̀. Mi ò gbọ́ ohun kan, mo rí i ni. Mo fa fóònù yọ, mo rí èèyàn rẹpẹtẹ tó ń kí bàbá rẹ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n máa wò wọ́n bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo ni? Ìwọ náà mọ ilé tí a ti tọ́ ọ. Bàbá rẹ kì í fo ìkíni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ ló kí wọn. Wọ́n máa ń ní ìkíni tí a ò bá dá lóhùn, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, kò ní lọ. Mo bá jókòó, mo dáhùn gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ì bá ṣe dáhùn. Oníbàárà tó ni ṣòkòtò dé, mo ní kó jókòó dè mí.

Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé èmi ni bàbá rẹ, mi ò sì sọ pé èmi kọ́. Wọ́n kí ilé, ilé dáhùn.

Ohun tó dùn mí ni pé mo wá orúkọ rẹ láàárín àwọn tó kí wọn, mi ò rí i. Ẹni tó gbé pátákó fún wọn kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rántí wọn. Ọmọ bíbí inú wọn ń yọjú wo ẹni tó ń dáhùn, bí ọlọ́pàá.

Èmi náà ní ìbéèrè, ọ̀kan péré ni. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wá wo ojú oórì bàbá rẹ? Nígbà ìsìnkú, o ní ibi iṣẹ́ ò yọ̀ǹda, mo gbà. Ó ti pẹ́ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà ní títì, mi ò sì fẹ́ dá ṣí i.

Èmi ni ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdúró o. Nígbà tí mo ka ibi tí bọ́tìnnì ti ń jó, ẹ̀rín pa mí débi pé Ìyá Ìbọ̀sẹ̀ sọ aṣọ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ júwe fún wọn pé bàbá mi kú, pé bàbá mi ń lo fóònù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi wò bóyá ara mi gbóná. Lẹ́yìn náà ni ẹkún wá dé, wọ́n sì fi etí aṣọ aláìsàn nu ojú mi, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ ti dá nǹkan sílẹ̀ o. Ọkùnrin kan wà lára àwọn tí ẹ dá lóhùn. Kò gbé ojú rẹ̀ síbẹ̀, mọ́tò pupa kan ló fi ṣe fọ́tò. Ó kí Bàbá, ẹ dá a lóhùn bí ẹ ṣe dá àwọn yòókù, ó sì wá kọ èyí sábẹ́ rẹ̀. Mo dà á kọ fún yín bó ṣe wà: "Ọ̀rẹ́ mi, o dá mi lóhùn. Ọdọọdún ni mò ń kí ọ. Mo ti rò pé n ó kú kí n tó gbọ́ ohùn rẹ. Bí oṣù keje bá ti wọlé, mò ń bọ̀ wá rí ọ."

Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọdún tó kọjá, mo wo èyí tó ṣáájú rẹ̀, mo wò ó lọ sẹ́yìn títí dé ibi tí ojú òpó Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí wọn ni ọkùnrin yìí ti kí wọn. Bàbá dá ẹni tó wà lókè rẹ̀ lóhùn, wọ́n dá ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lóhùn, wọ́n fo òun. Bàbá tí wọn kì í fo ìkíni ọmọ ọwọ́! Ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló ṣe fún wọn? Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀ fún mi rí? Àbí òun ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù? ÀWA MÉJÌ, AKỌPÁTÁKÓ. Láti kékeré ni mo ti rò pé èmi àti Bàbá ni àwa méjì yẹn, mo sì fi í yangàn níléèwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sójú òpó náà pé Bàbá ti kú kí ọkùnrin yìí tó wọ mọ́tò. Bí ẹ ò bá lè kọ ọ́, èmi á kọ ọ́. Ti ìbéèrè yín, mo gbọ́.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè.

*

Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ tí o dà kọ yẹn, ọwọ́ mi wálẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ lórí fóònù, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn rí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bó bá dúró lẹ́yìn àkàbà, o ò ní mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Òun àti bàbá rẹ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, wọ́n jọ gba ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ wá fún mi nígbà tí ojú ń ti bàbá rẹ láti bá mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, bóyá lò bá wà láyé bèèrè ìbéèrè. Òun àti bàbá rẹ ni ÀWA MÉJÌ o. Má bínú.

Pátákó ńlá, iṣẹ́ ẹni méjì ni, bí ti aṣọ ibùsùn rẹ yẹn. Ẹnì kan á gun àkàbà, ẹnì kan á dì í mú nísàlẹ̀. Bó bá rẹ ẹni tó wà lókè, wọ́n á pààrọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó di àkàbà mú ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, ì báà ṣe ọba ló ń kọjá. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń kọ pátákó ilé ìtàwé kan, bàbá rẹ ló wà lókè. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ń kọjá lọ, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ta ló máa fi ọwọ́ kan dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi àkàbà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, ó kí ọ̀gá. Àkàbà yọ̀, bàbá rẹ bá a wálẹ̀ tòun ti garawa ọ̀dà. O mọ apá ọ̀tún wọn tí kì í kọjá èjìká. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àtìgbà náà ni wọn ò ti gun àkàbà mọ́. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń kọ pátákó.

Síbẹ̀, apá kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá wọn lórí ibùsùn. Bàbá rẹ ń retí kó bẹ̀ wọ́n. Bóyá ẹ̀rù ló bà á, bóyá ojú ló tì í, mi ò mọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé kí n má dá ọ̀gá wa lóhùn ni?" Bàbá rẹ kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá a lóhùn mọ́. Á wá sẹ́nu ọ̀nà, á kí, á dúró, á lọ. Nígbà tó yá, ó kó kúrò nílùú. Ìwọ ń rákò nígbà náà. Mo bẹ bàbá rẹ títí, wọ́n ní àwọn ò bínú, àwọn kàn ń ro ohun tí àwọn máa fi dá a lóhùn ni. Wọ́n rò ó títí wọ́n fi kú.

Èmi ni mo wá jókòó tí mo fi ìka kan ṣoṣo dáhùn ohun tí wọn ò dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣoore ni tàbí mo ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, a kì í túfọ̀ lórí gíláàsì fóònù. Ẹni tí mo bá fẹ́ sọ fún pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, mo fẹ́ kó wà lórí ìjókòó, kí omi wà nítòsí, kí ọwọ́ èèyàn wà léjìká rẹ̀. Jẹ́ kó wá, n ó sọ fún un lójúkorojú. Má fọwọ́ kan ojú òpó yẹn.

Ìbéèrè mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. "Mo gbọ́" kì í ṣe ìdáhùn.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, inú ló bí mi, mi ò sì fẹ́ bò ó.

Ẹ ní kó wá. Ṣé ẹ ń rí ohun tó ń ṣe lójú òpó rẹ̀? Ó ti rán aṣọ tuntun nítorí ìrìn àjò yìí. Ó ya fọ́tò aṣọ náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ rí ọ̀rẹ́ òun, àwọn èèyàn sì ń tẹ àtàǹpàkò sí i. Ó bi Bàbá bóyá àkàbà onígi yẹn ṣì wà. Ó ń yọ̀ ní gbangba, èmi àtẹ̀yin sì ń wò ó. Ó máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó sínú mọ́tò, á máa to ohun tó máa sọ jọ, ẹ ó wá fi ìjókòó àti omi pàdé rẹ̀.

Èmi náà wà níbẹ̀, Màámi. Bí iná aláwọ̀ ewé yẹn bá tàn, àyà mi á já, á ní Bàbá ti jí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣáàjì fóònù, síbẹ̀ á já. Mi ò lè máa bá a lọ báyìí. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan lọ́dọ̀ yín títí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, n ó kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra mi.

Oníbéèrè.

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o. Mo ti kọ ọ́. Ìlà kan péré ni, ó sì gbà mí láti ìgbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ títí oúnjẹ mi fi tutù: Bàbá mi ti kú, láti oṣù kẹwàá, ẹ ṣé tí ẹ ń kí wọn.

Ariwo sọ. Àwọn kan ń kẹ́dùn, àwọn kan ń bèèrè ta ló wá dá àwọn lóhùn nínú oṣù karùn-ún. Ẹnì kan ní òun ò ní dá sùn nílé òun mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Iná rẹ̀ kú, kò tàn mọ́. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ṣé ojú ọ̀nà ló wà nígbà tí mo kọ ọ́? Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló ti kà á ńkọ́, ta ló gbé ọwọ́ lé e léjìká? Mi ò ronú kan ìyẹn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ro tèmi nìkan.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì ń sá fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi. Níbi tí mo wà yìí, Bàbá kàn wà nílé bí wọ́n ṣe máa ń wà nílé, èmi ni mo jìnnà sí wọn. Bí mo bá dé, tí mo rí ṣọ́ọ̀bù ní títì, ìgbà náà ni wọ́n máa kú lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì, kódà kó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Oníbéèrè mi,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Lẹ́tà tí o fi halẹ̀ mọ́ mi dé lẹ́yìn tí o ti ṣe é tán. Èyí tí o fi ń sunkún dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú, mo ti bínú tán, jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Inú mọ́tò ló ti kà á. Ó ní òun sọ fún awakọ̀ kó dúró kí òun sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ ní kò sí ibùdókọ̀ níbẹ̀. Ó ní bí ibẹ̀ bá ní ibùdókọ̀ ni, òun ì bá ti padà sílé. Obìnrin kan tó jókòó tì í ló gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì mọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà, fi ọkàn balẹ̀.

Mo ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ́wọ́, mo rí òjìji lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin sísanra kan ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ tó fara ti tèmi, ó gbójú sókè, ó ń wo pátákó. Mi ò dá a mọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí mo mọ̀ á wọ inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkùnrin yìí kan ṣoṣo, àyè á sì tún kù. Bó ṣe dẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo fi mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń wo pátákó bóyá ìlà rẹ̀ tọ́.

Mo gbé ìjókòó fún un, mo bu omi. Ó sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Ó tún un sọ, mi ò gbọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe kẹ́dùn. Ó ń pariwo pé ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, èmi náà ń pariwo pé ẹ ṣé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ a tún fi irú rẹ̀ pàdé, títí oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì fi sáré wá làjà. Nígbà tí oníbúrẹ́dì lọ tán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún mọ́ etí mi tó sàn díẹ̀, ó bi mí ní ohun tó gbé wá.

"Ta ló dá mi lóhùn?"

Mo lè sọ pé bàbá rẹ ló rán mi kí wọ́n tó kú. Irọ́ náà ti dé ètè mi, kò sì sí ẹni tó máa já mi. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí lójú, ẹni tó máa ń gbé òótọ́ bàbá rẹ wá fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo sọ fún un pé èmi ni, pé mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni mò ń dá lóhùn, pé mọ́tò pupa ni mo rí. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Kò dá mi lóhùn nìyẹn."

Ojú rẹ̀ ò ṣeé wò. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo fà á jáde, mo nawọ́ sí pátákó. Mo ní kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọdọọdún ni bàbá rẹ máa ń ní kí wọ́n bá àwọn sọ pátákó yẹn kalẹ̀, wọ́n á tún un kùn, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e padà. Ọdọọdún làwọn èèyàn ń sọ pé kí wọ́n yọ MÉJÌ kúrò níbẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn. Wọ́n á kàn ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, MÉJÌ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ kùn kí wọ́n tó kan ÀWA. Mo rí i lójú mi, torí pé èmi ni mò ń di garawa mú. Mo sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, "Ẹnu ni wọ́n fi bá ọ jà. Ọwọ́ wọn ò bá ọ jà rí."

Ó sunkún, ọmọ mi. Ó sunkún lójú pópó nínú aṣọ tuntun. Èmi náà bá a sun tèmi, torí pé láti oṣù kẹwàá, oníbàárà ló máa ń wà níwájú mi, mi ò ráyè sunkún. Nígbà tó ṣe, ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Mo ti sọ fún ọ pé mi ò fẹ́ dá ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mi ò dá ṣí i, àwa méjì la jọ ṣí i. Gbogbo ọ̀dà ti gan àfi pupa. Àkàbà onígi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó kun pátákó, oòrùn sì ti jẹ ẹ́. Mo ní kí n ké sí oníbúrẹ́dì kó bá wa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ̀, ó ní òun á gùn ún. Mo wo ikùn rẹ̀, mo wo àkàbà, mo gbé e jáde.

Èmi ni mo dì í mú. Oníbéèrè, èèyàn kọjá lọ́jọ́ náà o. Gbogbo ẹni tó wá ra búrẹ́dì ló kí mi, mi ò gbọ́ ọ̀kan. Ojú mi wà lára ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì wà lára àkàbà. Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ wá fẹjọ́ sùn lẹ́yìn náà, pé òun kí mi títí, mo ṣe bí ẹni tí kò rí òun, pé ṣé torí àlejò ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní látòkè òun ń gbọ́ gbogbo ìkíni náà, pé bí ẹnì kan bá ti la ẹnu báyìí, òun á di pátákó mú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá etí mi mú, ó ń fi í ṣeré bí ó ṣe máa ń ṣe láyé ijọ́un.

"Etí tó di yìí, ká ní èmi ni mo ni ín lọ́jọ́ yẹn."

MÉJÌ nìkan ló rí kùn. Orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó dé ÀWA. Ó ti padà sílé, á tún wá nígbà tí ọdún bàbá rẹ bá pé, nínú oṣù kẹwàá. Ìṣòro tó kù nìyí. Mi ò lè sọ gbogbo àdúgbò di ọ̀tá nítorí pátákó. Mo fẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́, tó máa dúró tì mí, tó máa máa dá àwọn èèyàn lóhùn bí wọ́n bá ń kí wa, kí n lè di àkàbà mú.

O ní bí o bá wá, ìgbà náà ni bàbá rẹ máa kú. Wọ́n ti kú, ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀. Ó ti sú mi láti máa dá mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò tíì kí yín báyìí láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Mo ka gbogbo lẹ́tà mi padà nínú ọkàn mi, mo rí i pé mi ò kí yín bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti sọ fún ọ̀gá ibi iṣẹ́, mo sì ti sọ fún Ìyá Ìbọ̀sẹ̀. Mo fi ọwọ́ júwe ọkọ̀ òfuurufú fún wọn, mo tọ́ka sí àyà mi. Wọ́n mú etí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra wọn, wọ́n ká a, ó rí wúruwùru, wọ́n gbé e sókè kí n rí i pé àwọn lè dá a ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan sí mi lọ́wọ́, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Láàárọ̀ òní, mo wọ ojú òpó Bàbá, mo kí wọn. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ kú àtijọ́." Mo dúró díẹ̀, iná ò tàn, kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ ṣé tí ẹ ò dáhùn. Ó dùn mí, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyí: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ÀWA kí n tó dé o. Ṣé ó máa gbà kí n gùn ún díẹ̀? Irú ọ̀dà wo ni kí n rà bọ̀? Ṣé pupa yẹn náà ni? Ẹ sì sọ fún oníbúrẹ́dì kó yé bínú, kó máa kí yín lọ. Ẹni tó máa dá a lóhùn ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè.